Kí a máa ka ẹnu tó ń jẹun ní Puerto Rico

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo òǹkàwé ìwé ìròyìn yín nílé àti lẹ́yìn odi. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí ló mú kí n kọ èyí. Ẹni tó kọ ọ́ sọ pé àwọn ará Puerto Rico, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ìpínlẹ̀, tí wọ́n ń bẹ ìjọba Amẹ́ríkà pé kí ó fi àwọn náà sínú ètò ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń jẹ ń fẹ́ kórè níbi tí wọn kò gbìn sí, nítorí pé wọn kì í san owó-orí fún ìjọba àpapọ̀. N kò bínú sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Amẹ́ríkà máa ń sọ lóde àríyá, èmi pàápàá sì ti sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2016 ni mo ti ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà nílé ìtajà oúnjẹ kan ní ìlú Kissimmee ní Florida, níbi tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá sọ òkò sọ́jà, ará Puerto Rico ni yóò bà, ohun tí mo sì ti rí níbi ìsanwó yẹn kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ gan-an. Ètò tí wọ́n ń pè ní SNAP, tí àwọn àgbàlagbà ṣì ń pè ní food stamp, wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Òfin tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ti wà láti ọdún 1964. Ọdún 2008 ni wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ àádọ́ta, ní Washington tó jẹ́ olú-ìlú, ní erékùṣù Guam àti ní àwọn erékùṣù Virgin tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju iye tí òfin sọ lọ, tó sì kúnjú ìwọ̀n gbogbo nǹkan yòókù, yóò gba káàdì, ìjọba yóò sì máa fi owó sí i lóṣooṣù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá di ìlọ́po méjì lọ́la nítorí pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, owó tí ìjọba ń ná yóò pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún lọ bẹ aṣòfin kankan. Puerto Rico kò sí nínú rẹ̀. NAP ni ètò tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní PAN ní èdè Sípáníìṣì, bẹ́ẹ̀ búrẹ́dì ni pan ní èdè náà. Orúkọ dídùn ni. Ṣùgbọ́n iye kan pàtó ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, máa ń yà sọ́tọ̀ fún erékùṣù náà lọ́dún, tí wọ́n á ní kí ìjọba ibẹ̀ lọ pín in bó bá ṣe lè tó.

Ìyá tó bá ti gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ baálé rí yóò tètè mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú méjèèjì. Baálé kan wà tí yóò bèèrè láàárọ̀ pé, "Ẹni mélòó ni yóò jẹun lónìí?" tí yóò sì ka owó sílẹ̀ níwọ̀n iye ẹnu. Òmíràn á fi iye kan náà sórí tábìlì lóṣooṣù. Bí àlejò dé, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n bá wá fi ilé yín ṣe ilé, kò kàn án. Kí ni ìyá yóò ṣe? Yóò bu omi sí ọbẹ̀ ni, yóò sì gé ẹran wẹ́wẹ́. Ohun tí ìjọba Puerto Rico ń ṣe láti ọdún 1982 nìyẹn. Washington ń fi díẹ̀ kún owó náà bí oúnjẹ ṣe ń gbówó lórí, ṣùgbọ́n wọn kì í ka ẹnu. Nítorí náà ìjọba ibẹ̀ ní láti fa òdiwọ̀n ẹni tó lè gbà á wálẹ̀, kí ó sì dín ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń gbà kù, kí owó má baà tán kí ọdún tó parí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Lọ́dún 1974 ni food stamp dé Puerto Rico gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní àwọn ìpínlẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di nǹkan bí ọdún 1981, àwọn tó ń gbà á ti lé ní ìdajì gbogbo ará erékùṣù náà. Àwọn kan ní Washington wo iye yìí, wọ́n ní ó ti pọ̀ jù. N kò ní jiyàn pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdajì ìlú bá tò sídìí oúnjẹ, ìṣẹ́ ìlú náà ni ìlà yẹn ń ròyìn, kì í ṣe ọ̀kánjúwà àwọn tó tò. Nígbà ìjọba Ààrẹ Ronald Reagan, lọ́dún 1981, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe òfin ìnáwó kan tó yọ Puerto Rico kúrò nínú ètò náà, láti oṣù Keje ọdún 1982 sì ni wọ́n ti ń fún wọn ní mílíọ̀nù 825 dọ́là lọ́dún, èyí tó fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ohun tí ì bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ká ní wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Owó náà ti kọjá bílíọ̀nù méjì dọ́là lónìí, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò yí padà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ìyá kan tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún wá síbi ìsanwó mi pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn àti ọmọ-ọmọ méjì. Ìlú Ponce ní Puerto Rico ni wọ́n ti wá. Ìjì Maria ti ká òrùlé ilé wọn lọ. Àpò ìrẹsì kan, ẹ̀wà pupa, òróró, wàrà, adìẹ dídì, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wò jọ bí ìyá mi ṣe ń ṣe lọ́jà Ìṣẹ́yìn. Wọ́n gbé adìẹ sísun kan tó gbóná fẹlifẹli lé e, mo sì ní láti ṣàlàyé pé káàdì oúnjẹ kì í ra ohun tó gbóná. Bí adìẹ yẹn kan náà bá ti tutù nínú fíríìjì wa, wọ́n lè rà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì yẹ ní rírín. Wọ́n fa káàdì wọn, ẹ̀rọ gbà á, mo fún wọn ní rìsíìtì. Ìsàlẹ̀ rìsíìtì ni ẹ̀rọ máa ń tẹ iye tó kù lórí káàdì sí. Wọn kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbé bébà náà súnmọ́ ojú, wọ́n fi ìka tọ́ iye náà fún ọmọbìnrin wọn, wọ́n wá bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá ẹ̀rọ kò ṣàṣìṣe. Ẹnu mẹ́rin kan náà ni wọ́n ń bọ́ ní Ponce lóṣù mélòó kan sẹ́yìn. Kí ìjì tó dé, iye tó ga jù lọ tí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin lè gbà ní Puerto Rico jẹ́ dọ́là 410 lóṣù, nígbà tí ó jẹ́ dọ́là 649 ní Florida lọ́dún 2017 kan náà.

Ọkọ̀ òfurufú ló gbé wọn wá, wọn kò sì gba físà, nítorí pé wọn kò nílò rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n. Òfin ti sọ àwọn ará Puerto Rico di ọmọ Amẹ́ríkà láti ọdún 1917, nítorí náà wọ́n bí wọn sínú rẹ̀ ni, wọ́n bí ọmọ wọn náà sínú rẹ̀. (Ìgbà tí mo dé ilé wọn lẹ́yìn náà ni mo bá ère obìnrin aláṣọ búlúù kan nínú yàrá. Mo ní, "Yemọja nìyí." Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Yemayá." Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ìjì ọdún 2017 ló tú ètò yìí síhòòhò. Harvey ja Texas ní oṣù Kẹjọ, Irma kọlu Florida ní oṣù Kẹsàn-án, Maria sì wọ Puerto Rico ní ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án yẹn kan náà. Nítorí pé SNAP ní ilẹ̀kùn kan tí wọ́n máa ń ṣí nígbà àjálù, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi ń pín káàdì pàjáwìrì ní Florida fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró tàbí tí oúnjẹ rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí iná lọ. Èmi gan-an tò sórí ìlà yẹn, nítorí pé ilé ìtajà wa tì fún ọjọ́ mélòó kan, n kò sì tijú láti sọ ọ́. Irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò sí lára ilé tí wọ́n kọ́ fún Puerto Rico. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní láti jókòó ṣe òfin ọ̀tọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí bílíọ̀nù 1.27 dọ́là ní oṣù Kẹwàá, àfikún náà kò sì dé orí káàdì àwọn ènìyàn títí di oṣù Kẹta ọdún 2018. Ìdajì ọdún nìyẹn lẹ́yìn ìjì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé kò tíì ní iná. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2019, owó tán. Àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, káàdì wọn sì fò sẹ́yìn lójijì, bẹ́ẹ̀ àwọn aṣòfin ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ títí di oṣù Kẹfà kí wọ́n tó fọwọ́ sí mílíọ̀nù 600 mìíràn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, áńbọ̀sì àríyànjiyàn Washington. Ìjọba erékùṣù náà gbà nígbẹ̀yìn pé ènìyàn 2,975 ló bá àjálù yẹn lọ. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọjọ́ ìjì ni wọ́n kú, bí kò ṣe láàárín oṣù tí ìrànlọ́wọ́ fi falẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó-orí, èyí tí òǹkàwé yín gbé gùn jù lọ. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń gbé ní Puerto Rico, tó sì ń rí owó rẹ̀ níbẹ̀, kì í san owó-orí fún ìjọba àpapọ̀ lórí owó náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ owó Social Security, ìyẹn ti ìfẹ̀yìntì, àti ti Medicare, ìyẹn ti ìtọ́jú ìlera àwọn àgbàlagbà, nínú owó oṣù wọn bí wọ́n ṣe ń yọ tèmi. Tálákà tó ń gba SNAP ní Mississippi ńkọ́, mélòó ló ń san fún Washington lórí owó tó ń wọlé fún un? Ọ̀pọ̀ wọn kì í san kọ́bọ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi ìyẹn dù wọ́n lóúnjẹ. Èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́ pátápátá nígbà tí mo gbọ́ ọ ni ti Guam àti àwọn erékùṣù Virgin. Owó-orí tí àwọn ará ibẹ̀ ń san, àpò ìjọba tiwọn níbẹ̀ ló ń lọ, kì í dé Washington, wọn kò sì ní sẹ́nétọ̀ kankan, síbẹ̀ wọ́n wà nínú SNAP, kódà iye tó ga jù lọ ní Guam ju ti Florida lọ nítorí pé oúnjẹ wọ́n níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ owó-orí ló lé Puerto Rico jáde, kí ló dé tí kò lé Guam? Ohun tí èmi rò ni pé ó rọrùn láti ṣe ẹ̀tọ́ fún erékùṣù kan tí àwọn ará ibẹ̀ kò ju bí 150,000 lọ. Àwọn ará Puerto Rico lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Iye orí ni wọ́n ń sá fún, tí wọ́n wá fi owó-orí bò ó lójú.

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n gba ilé-ẹjọ́ lọ. Wọ́n ti lọ. Lọ́dún 1980, nínú ẹjọ́ Harris àti Rosario, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lè fún Puerto Rico ní ìrànlọ́wọ́ tó kéré sí ti àwọn ìpínlẹ̀ bí ó bá ti ní ìdí kan tó mọ́gbọ́n dání. Lọ́dún 2022, wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ lórí ọ̀gbẹ́ni José Luis Vaello Madero, aláìlera kan tó ti ń gba SSI, owó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn aláìlera tí kì í dé Puerto Rico, nígbà tó wà ní New York, tó kó lọ sí Puerto Rico lọ́dún 2013, tí ìjọba wá pè é lẹ́jọ́ pé kí ó dá owó tó lé ní dọ́là 28,000 padà nítorí pé ó ti kó kúrò. Adájọ́ mẹ́jọ wà lẹ́yìn ìjọba. Sonia Sotomayor, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Puerto Rico, nìkan ló takò wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n dá: wọn kò sọ pé ó tọ́ kí a fi nǹkan du àwọn ènìyàn wọ̀nyí, wọ́n ní òfin ìpìlẹ̀ kò fi dandan lé e fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì láti fún wọn ni. Ọwọ́ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ni ọ̀bẹ wà, ọwọ́ wọn náà ni iṣu wà.

Ọjà sì wọ́n ní Puerto Rico. Nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ wọn ló ń gba orí omi wá, òfin ọdún 1920 sì sọ pé ọkọ̀ ojú omi tó bá ń gbé ẹrù láti èbúté Amẹ́ríkà kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kàn ní Amẹ́ríkà, tí ará Amẹ́ríkà ni ín, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń tukọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fún ní owó tó kéré ni wọ́n tún ní kí ó ra ọjà tó wọ́n.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé SNAP jẹ́ ọ̀run. Òfin rẹ̀ le. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, tí kò ní ọmọ kékeré lọ́rùn, gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń ṣiṣẹ́ tàbí òun ń kọ́ iṣẹ́ fún wákàtí 80 lóṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oṣù mẹ́ta péré ni yóò gbà nínú ọdún mẹ́ta. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2025 sì ti na ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni ọdún 64. Ní erékùṣù tí iṣẹ́ kò ti tó, èyí yóò ta àwọn kan. Bákan náà ni ètò NAP ti ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn gba apá kan ìrànlọ́wọ́ wọn ní owó lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́, èyí tó wúlò fún ìyá arúgbó tó ń gbé lórí òkè níbi tí alátẹ kò ti ní ẹ̀rọ káàdì, SNAP kò sì fàyè gba irú rẹ̀. Yóò tún gba ọdún mélòó kan kí wọ́n tó lè gbé gbogbo ètò náà ró. Mo gba gbogbo ìyẹn. Kí wọ́n fún wọn láyè àti owó láti múra sílẹ̀, kí wọ́n sì wá ojútùú sí ti ìyá orí òkè. Nínú gbogbo àtakò wọ̀nyí, n kò tíì rí èyí tó sọ ìdí tí kò fi yẹ kí a ka ẹnu ní Ponce bí a ṣe ń kà á ní Kissimmee.

Àwọn ará Puerto Rico kò dákẹ́. Jenniffer González-Colón, tó jẹ́ aṣojú wọn ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì láti ọdún 2017 kí ó tó di gómìnà lọ́dún 2025, gbé àbá òfin dìde pé kí wọ́n dá erékùṣù náà padà sínú SNAP, kò sì yọrí sí òfin. Ẹyọ aṣojú kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ó lè sọ̀rọ̀, ó lè gbé àbá wá, ó lè dìbò nínú ìgbìmọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ilé bá ń dìbò ìkẹyìn, yóò jókòó wo àwọn yòókù ni. Ìpínlẹ̀ Wyoming, tí àwọn ará rẹ̀ kò tó 600,000, ní sẹ́nétọ̀ méjì. Puerto Rico kò ní ẹyọ kan.

Àwa la ní. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn Yorùbá tó wà ní Houston, ní Chicago, ní Atlanta àti káàkiri Maryland gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbé ọwọ́ sókè búra, a ti di ọmọ Amẹ́ríkà, a sì ń dìbò. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́la, èmi tí wọ́n bí ní Ìṣẹ́yìn lè gba SNAP bí òfin ṣe là á sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò ní mo wá kórè oko ẹlòmíràn. Ìyá Ponce tí wọ́n bí ní ọmọ Amẹ́ríkà ti tún òrùlé ilé wọn ṣe, wọ́n sì fẹ́ padà sílé. Ohun tó ń dá wọn dúró ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá padà, káàdì yẹn yóò dákẹ́. Bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ, ohun tí àwọn àgbà wa máa ń sọ nìyẹn. Ti ibí yìí kọjá bẹ́ẹ̀, àlejò ń jẹ ní àwo, ọmọ onílé ń dúró de àjẹkù. Òfin ètò ọ̀gbìn ńlá tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì máa ń tún ṣe lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni ọ̀rọ̀ SNAP ń bá rìn, ibẹ̀ sì ni àyè wà láti fi Puerto Rico sí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìpè kan sí ọ́fíìsì sẹ́nétọ̀ ń gbà.

Èmi ti pe tèmi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù fetí sílẹ̀ dáadáa, ó wá bi mí pé ṣé ará Puerto Rico ni mí. Mo ní rárá o, ọmọ Yorùbá ni mí, láti Ìṣẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n pe Ìṣẹ́yìn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Òǹkàwé yín kan ní Kissimmee, Florida.